Orúkọ Tí A Pe Owó: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ Géèmù Shadow of the Eternals

Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ yẹ àríyànjiyàn kan wò tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013 láàrin àwọn olólùfẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní géèmù. Òkèèrè ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú St. Catharines, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ló bẹ ará ayé pé kí wọ́n dáwó jọ fún òun láti fi ṣe géèmù adẹ́rùbani kan. Àwọn kan dáwó, àwọn kan kọ̀ jálẹ̀, àwọn kan sì fọwọ́ sí i tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń bá ara wọn jiyàn láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Géèmù tí wọ́n torí rẹ̀ ń jà kò jáde.

Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ èdè Yorùbá béèrè pé kí ló kan àwa nínú ìjà àwọn tí ń ta géèmù. Ìdáhùn mi pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé àríyànjiyàn jẹ́ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí ó ní ìlànà tirẹ̀, ibikíbi tí a bá sì ti rí i ní pípé ni a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni pé àròkọ alárìíyànjiyàn wà lára ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní gírámà, tí a sì ń dán wọn wò lé lórí. Bí mo bá ń máàkì irú àròkọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó máa ń bà mí nínú jẹ́ kì í ṣe àṣìṣe àmì ohùn. Ohun tí ó máa ń bà mí nínú jẹ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú-ewé méjì láìmọ ohun tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí gan-an. Àléébù yìí kan náà ni mo rí nínú àríyànjiyàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò, mo sì gbà pé ó lè kọ́ wa ní nǹkan.

Ìtàn tí ó bí àríyànjiyàn náà

Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Silicon Knights, tí Denis Dyack dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ṣe géèmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eternal Darkness: Sanity's Requiem. Nintendo ni ó gbé e jáde fún ẹ̀rọ GameCube. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, Alexandra Roivas, tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ àgbà, tí ó sì rí ìwé abàmì kan nínú ilé olóògbé náà. Bí ó ti ń ka ìwé náà ni ẹni tí ń ta géèmù yóò máa di ènìyàn mìíràn láti ayé àtijọ́, títí tí yóò fi jẹ́ ènìyàn méjìlá láàrin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì.

Ohun tí ó sọ géèmù yìí di mánigbàgbé ni òṣùwọ̀n làákàyè tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ti ń rí àwọn ohun àìrí, làákàyè rẹ̀ yóò máa dín kù. Bí ó bá sì ti dín kù tó, géèmù náà kò ní fi ẹ̀tàn rẹ̀ mọ sórí ẹ̀dá ìtàn nìkan, ẹni tí ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n gan-an ni yóò kọjú sí. Yóò ṣe bí ẹni pé ohùn tẹlifíṣọ̀n ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò fi kòkòrò hàn tí ń rìn lójú gíláàsì. Yóò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé òun ń nu gbogbo ibi tí ènìyàn ti bá eré dé kúrò. Àwọn alámèyítọ́ yìn ín púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tà tó bí ìyìn rẹ̀ ti pọ̀ tó, Nintendo tí ó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sì ṣe òmíràn tẹ̀lé e. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń retí àbúrò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láàrin àkókò yìí nǹkan kò dán mọ́rán fún Silicon Knights. Too Human, géèmù tí wọ́n ti kéde láti ọdún 1999, kò jáde títí di 2008. Ní 2007 wọ́n pe ilé-iṣẹ́ Epic Games lẹ́jọ́ lórí irinṣẹ́ tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣe géèmù. Ní oṣù karùn-ún 2012 àwọn ìgbìmọ̀ ẹlẹ́jọ́ dá Epic láre, wọ́n sì ní kí Silicon Knights san 4,450,000 dọ́là. Nígbà tí ó yá, àwọn kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Precursor Games. Dyack wà lára wọn.

Ní oṣù karùn-ún 2013 ni Precursor Games kéde Shadow of the Eternals. Wọ́n ní àwọn nílò 1,500,000 dọ́là, wọ́n sì ń gba owó náà lójú ìtàkùn ayélujára tiwọn. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi gbé ìbẹ̀bẹ̀ mìíràn lọ sí Kickstarter, wọ́n ń wá 1,350,000 dọ́là níbẹ̀. Kí ọjọ́ tó pé, wọ́n fagi lé e. Ní oṣù keje wọ́n tún padà wá, wọ́n ti dín iye náà kù sí 750,000 dọ́là. Nígbà tí gbèdéke pé ní oṣù kẹjọ, ohun tí ó wọlé kò tó ìdajì. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n kéde pé àwọn dá iṣẹ́ náà dúró.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò

Kí a tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ń jiyàn, ó yẹ kí a yẹ ìbẹ̀bẹ̀ náà gan-an wò, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó." Ìbẹ̀bẹ̀ kan náà ni ó yọ obì lápò àwọn kan, tí ó sì yọ ọfà lápó àwọn mìíràn. Kí ló fà á?

Mo rí i pé orúkọ ni gbogbo agbára ìbẹ̀bẹ̀ náà rọ̀ mọ́. Precursor Games kò ní àṣẹ láti pe géèmù wọn ní Eternal Darkness, nítorí Nintendo ló ni orúkọ náà. Nítorí náà wọ́n mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n fi sọ ọmọ tuntun lórúkọ. Ohun tí wọ́n ń sọ fún olólùfẹ́ ni pé ọmọ yìí yóò jogún ìwà bí kò tilẹ̀ jogún orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yìí sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó kọ́lé. Ẹni tí ó fẹ́ràn géèmù ti 2002 yóò gbọ́ orúkọ náà, ọkàn rẹ̀ yóò fà sí i. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbọ́ orúkọ kan náà kí inú bí i, nítorí yóò máa wò ó pé wọ́n ń fi ohun tí òun fẹ́ràn gba owó lọ́wọ́ òun. Ìfẹ́ kan náà ni ó bí ìhà méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìjà wọn fi gbóná ju ìjà ọ̀tá lọ.

Àjọ, èésú, àsansílẹ̀ àti ọrẹ

Ibí yìí ni kókó iṣẹ́ yìí wà. Bí a bá tú ohun tí àwọn olólùfẹ́ náà ń sọ palẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún owó náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lọ́kàn wọn. Èdè Yorùbá ní orúkọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tilẹ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kìn-ín-ní ni àsansílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé owó fún télọ̀ kí ọdún tó dé ti sanwó aṣọ sílẹ̀. Bí ọdún bá dé tí aṣọ kò délẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè owó rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ kan wo ìdáwó náà báyìí. Wọ́n ní owó tí àwọn yóò san ni owó géèmù, nítorí náà àwọn fẹ́ mọ iye wákàtí tí eré náà yóò gbà, ọjọ́ tí yóò jáde, àti ìdí tí àwọn yóò fi sanwó ohun tí wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́. Ẹ rántí pé ètò àkọ́kọ́ ni láti máa gbé géèmù náà jáde ní apá kọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì ni ọrẹ. Bí ọmọ ìlú bá dáwó fún ẹni tí ń lọ kàwé lókè òkun, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé kí ó pín ìwé-ẹ̀rí náà fún òun. Ohun tí wọ́n ń retí ni kí ó gbìyànjú, kí ó má sì gbàgbé ilé. Àwọn olólùfẹ́ mìíràn wò ó báyìí. Wọ́n ní bí ọ̀nà kò bá sí fún géèmù irú èyí lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, àwa tí a fẹ́ ẹ ni kí a ran ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́, bó bọ́ sí i, bí kò sì bọ́ sí i, a ti ṣe tiwa.

Ohun kẹta ni èésú. Nínú èésú, ẹni tí ó dáwó di ọmọ ẹgbẹ́. Ó lóhùn, ó sì ní ìgbà tí yóò kó tirẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ kan gbà pé ẹni tí ó bá dáwó ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí wọ́n gbọ́ ti àwọn lórí ìtàn, lórí ẹ̀rọ tí wọn yóò ṣe é fún, àti lórí ẹni tí yóò darí rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fagi lé ìbẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní láìjẹ́ kí gbèdéke pé, àwọn wọ̀nyí ni ó dùn jù, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ kì í ti ẹnu ìròyìn gbọ́ pé wọ́n ti tú ẹgbẹ́ ká.

Àjọ tilẹ̀ tún yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú àjọ, owó oníkálukú ni alájọ ń bá a tọ́jú, owó náà ni yóò sì dá padà fún un lẹ́yìn tí ó bá ti yọ tirẹ̀. Ohun kan nínú ìlànà Kickstarter jọ àjọ: bí iye tí wọ́n dá kò bá pé, wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé wọ́n fẹ́ jí àwọn lówó níbẹ̀ kí gbèdéke tó pé kò wo apá yìí dáadáa.

Ṣé ẹ̀bi àwọn olólùfẹ́ nìkan ni pé wọn kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jẹ́? Rárá. Kickstarter, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, kéde ní 2012 pé òun kì í ṣe ilé ìtajà. Ẹni tí ó dáwó níbẹ̀ kì í sì í ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Nítorí náà kì í ṣe ọjà, kì í sì í ṣe èésú. Ṣùgbọ́n ojú-ewé kan náà a máa to iye owó sókè dé ìsàlẹ̀, wọ́n a sì kọ ohun tí ẹni tí ó bá san iye báyìí yóò gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ní iye owó àti ẹrù lójú kan náà, ọjà ni yóò jọ lójú ẹni tí ń wò ó. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ Double Fine béèrè 400,000 dọ́là lọ́nà yìí, ohun tí wọ́n sì rí gbà lé ní 3,300,000 dọ́là. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ ya lọ síbẹ̀. Wọ́n bá owó níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò bá orúkọ owó náà níbẹ̀.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ń kọ́ni, èmi àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá pinnu láti ṣe eré onítàn kan ní òpin sáà. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú owó wá fún aṣọ àti ìlù. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mo ra aṣọ, mo sanwó onílù sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kí eré tó wáyé ni wọ́n yí àkókò ìdánwò padà, eré sì forí ṣánpọ́n. Òbí kan wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, owó ọmọ mi ńkọ́?" Mo sọ fún un pé ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ṣe fún ẹgbẹ́. Ó ní òun kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, owó eré ni òun san. Òbí mìíràn ní kí n kó aṣọ náà jáde kí a pín in. Mo bínú lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n ń fi olè pè mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwa mẹ́ta. Èmi ni mo gba owó láìsọ orúkọ rẹ̀. Mo dá èyí tí mo lè dá padà padà, ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn ọmọ sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń wò ó nígbà mìíràn.

Lámèyítọ́ lórí iṣẹ́ tí a kò tíì bí

Ohun kejì tí àríyànjiyàn yìí gbé dìde ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Lámèyítọ́ sábà máa ń ní iṣẹ́ tí ó ti parí níwájú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń ṣe lámèyítọ́ lórí ìlérí. Ẹ̀rí wo ni a lè mú wá lórí ohun tí kò tíì sí? Mo rí ẹ̀rí mẹ́ta tí wọ́n ń lò.

Ẹ̀rí kìn-ín-ní ni iṣẹ́ àtijọ́. Àwọn tí wọ́n fẹ́ dáwó ní ọwọ́ tí ó ṣe Eternal Darkness kò lè ṣe aláìmọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnìkan ló ṣe géèmù ti 2002. Odidi ilé-iṣẹ́ ni, Nintendo sì wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú owó àti àbójútó. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ náà ni ó wà ní Precursor Games.

Ẹ̀rí kejì ni ìwà àti ìtàn ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2012, ìwé-ìròyìn orí ayélujára Kotaku gbé ìròyìn gígùn jáde lórí bí Silicon Knights ṣe ṣe géèmù X-Men: Destiny ti 2011. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ tí wọn kò dárúkọ wọn ni wọ́n ṣàròyé níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2013, Dyack jáde nínú fídíò, ó sì sẹ́ àwọn ẹ̀sùn náà. Láti ìgbà náà ni ìjà ti fi géèmù sílẹ̀ tí ó di ìjà lórí ènìyàn. Ìhà kan ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Ìhà kejì ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì fi ẹ̀rí tí ó lágbára sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ èyí tí ó gbóná. Ẹ̀rí ẹni tí kò dárúkọ ara rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò lè wádìí rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ dáwó kò tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá. Ohun tí ó wà ní gbangba tó o: géèmù tí wọ́n kéde ní 1999 tí kò jáde títí di 2008, àti ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ̀bi rẹ̀ ní 2012. Ẹni tí ó ń béèrè owó lórí àkókò kúkúrú ni à ń bi léèrè bí ó ti ń lo àkókò tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe èébú.

Ẹni tí ó fẹ́ dáwó náà ní ẹ̀rí tí kò lò. Eternal Darkness gan-an pẹ́ kí ó tó jáde. Ẹ̀rọ Nintendo 64 ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é fún kí wọ́n tó gbé e lọ sí GameCube. Nítorí náà pípẹ́ nìkan kò fi hàn pé iṣẹ́ yóò bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti gbé àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí kojú ara wọn ni, ìbéèrè gidi ìbá ti hàn: nígbà tí iṣẹ́ bá pẹ́, ta ni yóò máa bọ́ àwọn òṣìṣẹ́? Ní 2002 Nintendo wà níbẹ̀. Ní 2013 kò sí irú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ìjà yìí, ẹ̀yìn nìkan ni àwọn kan ń wò, iwájú nìkan ni àwọn kan sì ń wò.

Ẹ̀rí kẹta ni ìbẹ̀bẹ̀ náà fúnra rẹ̀: iye owó, ohun tí owó náà yóò ṣe, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá pé. Àwọn tí wọ́n yẹ èyí wò kò pọ̀ bí àwọn tí ń jà lórí ènìyàn, ṣùgbọ́n tiwọn ni mo kà sí lámèyítọ́ gidi. Wọ́n béèrè bí ohun tí ó nílò 1,500,000 dọ́là ní oṣù karùn-ún ṣe di ohun tí 750,000 lè ṣe ní oṣù keje. Kì í ṣe pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe. Iṣẹ́ lè kéré sí i, owó mìíràn sì lè ti ibòmíràn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yí iye padà ni àlàyé rẹ̀ já lé léjìká.

Ẹ̀rù kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀

Ìṣòro kan tún wà tí ó jẹ́ ti géèmù adẹ́rùbani ní pàtó. Àìmọ̀ ni ẹ̀rù ń jẹ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn a máa bani lẹ́rù níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní títì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí yóò dáwó fẹ́ rí ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ó tó yọ owó. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ ní láti fi ìdẹ́rùbà rẹ̀ hàn kí a lè gbà á gbọ́. Bí ó bá sì ti fi í hàn tán, ó ti pa á.

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, Àkàrà-oògùn kò sọ ìtàn rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ó sọ díẹ̀, ó lọ, àwọn ènìyàn sì pọ̀ sí i nígbà tí ó padà dé. Àwọn tí ó wá lọ́jọ́ kejì wá nítorí pé ti ọjọ́ kìn-ín-ní ti dùn mọ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n dáwó ọjọ́ méjìlá kí òun tó la ẹnu, mo rò pé ìbéèrè tí àwọn ará ìlú yóò bi í kò ní yàtọ̀ sí ti àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí.

Ẹ̀tàn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Eternal Darkness fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó tàn wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tí a gbà láàyè ni. Ẹni tí ó rí i tí géèmù ń ṣe bí ẹni pé ó ń nu iṣẹ́ òun kúrò yóò pariwo, lẹ́yìn náà yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun gbogbo ṣì wà níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ owó, kò sí ẹni tí ó gbà kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Oníṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ mọ ẹ̀tàn dídùn ní láti sọ̀rọ̀ gbangba ju ẹlòmíràn lọ nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ owó.

Àwọn géèmù tí owó wọn pé

Ẹnìkan lè sọ pé bí owó bá ti pé ni, ìjà kò ní sí. Àpẹẹrẹ méjì péré yóò tó láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, Hifumi Kono, ọmọ Japan tí ó darí géèmù Clock Tower ti 1995, bẹ̀bẹ̀ fún 300,000 dọ́là láti ṣe NightCry. Owó náà pé, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Géèmù náà jáde ní 2016, ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ kò gún. Àwọn tí wọ́n dá owó náà bí àsansílẹ̀ bínú. Àwọn tí wọ́n dá a bí ọrẹ ní ó kúkú jáde.

Ní oṣù kẹwàá 2015 kan náà, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún 700,000 dọ́là láti ṣe Friday the 13th: The Game. Ohun tí ó wọlé lé ní 820,000 dọ́là. Géèmù náà jáde ní oṣù karùn-ún 2017, ó sì gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà nílẹ̀ láàrin Victor Miller tí ó kọ fíìmù ti 1980 àti àwọn tí ó ni fíìmù náà lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà 2018 àwọn tí ó ni géèmù náà kéde pé àwọn kò lè fi ohun tuntun kún un mọ́. Nígbà tí ọdún 2023 parí, wọn kò tà á mọ́. Kò sí ẹni tí ó jí owó níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tí kò dára. Síbẹ̀ ìjà wà lórí ohun tí wọ́n jẹ àwọn tí ó dáwó. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a dárúkọ owó nígbà tí òní ṣì dára.

Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Kí ni a lè rí mú lò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́? Mo ní àbá mẹ́ta.

Èkíní, kí a máa kọ́ àwọn ọmọ láti kọ́kọ́ túmọ̀ kókó ọ̀rọ̀. Bí àkọlé bá ní kí wọ́n jiyàn lórí owó, kí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ irú owó tí ó jẹ́. Nínú ìlànà ìmáàkì tí mo ti lò rí, òwe púpọ̀ máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lékè ju ìtumọ̀ tí ó yè kooro lọ. Mo fẹ́ràn òwe, ẹ sì rí i pé mo ń pa á. Ṣùgbọ́n òwe lẹ́ṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì sí, ẹṣin kò ní ẹni tí yóò gùn ún.

Èkejì, kí a kọ́ wọn láti ya ẹ̀rí tí a lè wádìí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó kàn gbóná lẹ́nu. Kí olùdánwò fún ẹni tí ó bá dárúkọ ẹ̀rí alátakò rẹ̀ ní máàkì, pàápàá bí ó bá gbé e kalẹ̀ láìbù ú kù.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe sá fún àwọn ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe. Mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn Shadow of the Eternals ní Yorùbá ní sáà kan, mo ní kí wọ́n jiyàn. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n ta á ni àbí wọ́n tọrọ rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni mo fi ojú-ewé púpọ̀ wá níbí. Èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń dá èésú lọ́jà ni ó fi rí i.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti yẹ àríyànjiyàn lórí ìdáwó fún Shadow of the Eternals wò. A rí i pé ìfẹ́ ló bí ìhà méjèèjì, pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pè ní orúkọ kan, àti pé wọ́n fi ẹ̀rí gbangba sílẹ̀ lọ bá èyí tí kò ṣeé wádìí. A kò sọ pé ẹni tí ó dáwó gọ̀, a kò sì sọ pé ẹni tí ó kọ̀ jẹ́ aháwọ́. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé kò sí èyí tí ó lè jàre nínú wọn níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ní tèmi, láti ọjọ́ tí òbí náà ti bi mí léèrè owó ọmọ rẹ̀, n kò gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ láìkọ orúkọ owó náà sókè ìwé kí n tó kọ orúkọ ọmọ sí ìsàlẹ̀. Mo dábàá pé kí àwa olùdánwò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àkọlé tí a ń fún àwọn ọmọ: kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yé àwa fúnra wa kí a tó ní kí wọ́n jà lé e lórí.